Bí a ṣe lè dín ìṣẹ̀lẹ̀ tí Camunda 7 ń kéde kù

Ọmọ Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní Oǹdó ni mo ń bá ṣe ètò ìfọwọ́sí ẹ̀yáwó lórí Camunda 7 (ètò kọ̀ǹpútà tí ń darí ìgbésẹ̀ iṣẹ́) pẹ̀lú Spring Boot (irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò Java). Bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, ìkéde a máa ya wọlé bí òjò, bẹ́ẹ̀ ìparí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Níbo ni mo ti lè pa ìyókù?

Ayékòótọ́:
Gbogbo rẹ̀ ló wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú application.yaml, fáìlì ìṣètò yín, lábẹ́ camunda.bpm.eventing, ẹ sọ execution (ìkéde ìrìn ètò) àti history (ìkéde ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀) di false, kí wọ́n kú, kí ẹ sì fi task (ìkéde iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn) sílẹ̀ ní true. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sórí olùgbọ́ yín (kóòdù tí ń gba ìkéde) pé:
@EventListener(condition="#taskEvent.eventName=='complete'")
Pípa history níbẹ̀ kò pa àkọsílẹ̀ inú database rẹ́ o. History-level, ìṣètò mìíràn tó ń sọ bí àkọsílẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, ló ń darí ìyẹn.

Ìyá Alágbàká:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí èyí gidigidi. Bí olùgbọ́ yín kì í bá ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, TaskEvent (ẹ̀dà ìkéde tí kì í yí padà) ni kí ẹ gbà, nítorí pé DelegateTask (iṣẹ́ náà gan-an, bó ṣe wà nínú Camunda) lè ti yí padà kí ó tó dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àgbẹ̀, ẹ lo @TransactionalEventListener, tí ń dúró kí database fìdí iṣẹ́ múlẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́, kí a má baà sọ fún bàbá àgbàlagbà pé owó rẹ̀ ti jáde, nígbà tí database ti dá iṣẹ́ náà padà.

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ẹ ṣeun, mà. Ìkéde kan ṣoṣo ló ń wọlé báyìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló kù tí mo máa tún ṣe lálẹ́ yìí.