Anahata: "kẹ̀kẹ́ ọkàn" kọ́ o, ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú làákàyè. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàárọ̀ lórí ìwé ìléwọ́ yógà tí àbúrò wa fẹ́ túmọ̀, tó ní kí la máa pe chakra (ibi tí àwọn tó ń ṣe yógà gbà pé agbára ń gbé nínú ara) tó wà láyà, tí wọ́n ń pè ní anahata, àti kí la máa pe Shiva, òrìṣà ẹ̀sìn Híńdù, àti Shakti, agbára abo tó jẹ́ ìkejì rẹ̀, tó pàdé níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní "kẹ̀kẹ́ ọkàn", ẹlòmíì ní "ojú agbára", ẹnì kan wá fi "ọkọ ọ̀run" lé e lórí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n dá sí i.

Òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ ni chakra lédè Sanskrit (èdè Íńdíà àtijọ́), òun náà ló wà láàárín àsìá Íńdíà, tó ní igi 24. Àmọ́ tá a bá ní kẹ̀kẹ́ báyìí, Márúwá ló máa wá síni lọ́kàn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kérò (ó sì jọ mí lójú pé Íńdíà náà ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá). Tó bá jẹ́ ohun tó ń yí lójú kan la fẹ́, òkòtó sàn jù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Pūrṇānanda, ará Íńdíà tó kọ ìwé lórí chakra mẹ́fà, tí ti àyà yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní 1577, tí John Woodroffe wá tú sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, òdòdó ló pe ti àyà yìí, padma (òdòdó inú omi tí òyìnbó ń pè ní lotus), tó ní ewé òdòdó 12, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan. Pupa ló sì pè é, àwọ̀ ewéko tó wà nínú ìwé ìléwọ́ yẹn, àwọn òyìnbó ọ̀rúndún 20 ló mú un wá. Padma kì í ṣe òṣíbàtà gan-an, torí ewé tiẹ̀ máa ń yọ sókè kúrò lójú omi, àmọ́ òṣíbàtà ló jọ ọ́ jù, ṣebí a máa ń fi ṣàdúrà pé ká lékè bí òṣíbàtà ṣe ń lékè omi. Èmi fara mọ́ "òṣíbàtà àyà".

Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Kò sí ọkàn nínú anahata rárá! "An" yẹn ni "àì" tiwa, "āhata" sì ni ohun tí wọ́n lù. Wọ́n ní gbogbo ìró tá à ń gbọ́ láyé, nǹkan méjì ló kọlu ara wọn, ọ̀pá àti awọ ìlù, ahọ́n agogo àti ara agogo, àmọ́ èyí tó wà láyà ò rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lù ú, ó kàn ń dún, àwọn yogi (àwọn tó ń ṣe yógà) á sì jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Nítorí náà "ìró àìlù" ni mo dábàá fún orúkọ anahata, "òṣíbàtà àyà" sì ni fún chakra náà. Ẹ má gé e kù sí "àìlù" lásán o, torí ìyẹn lè dà bí ìgbà tí onílù sinmi.

Ó wá ku "ọkọ ọ̀run" tí wọ́n mú wá fún Shiva àti Shakti. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀! Tí ìyá àgbà kan bá rí i nínú ìwé yẹn, orí òkè àdúrà ló máa wọ́ ọmọ ẹ̀ lọ. "Ẹnìkejì ọ̀run" náà ti ní onílé, ẹgbẹ́ ọ̀run ló ni ín. "Iná ìbejì" (twin flame, olólùfẹ́ méjì tí wọ́n ní ọkàn kan ni wọ́n) tí ẹnì kan tún mú wá, Íntánẹ́ẹ̀tì àwọn òyìnbó ni ìyẹn, kò kan Sanskrit, bàbá ìbejì tó bá gbọ́ ọ á rò pé ilé ń jó.

Nínú ihò àpáta Elephanta, nítòsí Mumbai ní Íńdíà, wọ́n gbẹ́ Ardhanarishvara, Shiva àti Shakti nínú ara kan, sára òkúta: ardha ni ìdajì, nārī ni obìnrin, īśvara ni Olúwa. Ara kan ṣoṣo ni, ọ̀tún Shiva, òsì Parvati ìyàwó rẹ̀ (Shakti náà nìyẹn), ọmú kan péré ló ní. Tọkọtaya ò lè gbé e, torí tọkọtaya lè kọra wọn. Ẹdan Ògbóni tí ẹ̀gbọ́n kan fi wé Shiva àti Shakti náà, èèyàn méjì ni tí ṣéènì so pọ̀. "Olúwa Takọtabo" ni mo máa kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ Radha àti Krishna, olólùfẹ́ inú ìtàn Íńdíà ni àwọn yẹn, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àárò ló pọ̀ jù nínú orin wọn.

Shakti ńkọ́? Àwọn kan ní àṣẹ, àmọ́ "śak" tó ti wá, "lè" ni, kì í ṣe kó ṣẹ. Okun ni mo fẹ́, ṣebí okun inú la fi ń gbé tìta. Ohun míì tún wà ńbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá yọ "i", ìyẹn Shakti, kúrò lára Śiva, śava ló kù, òkú nìyẹn. Mo wá wò ó pé téèyàn bá yọ "n" kúrò lára okun, "oku" náà ló kù, inú mi dùn débi pé mo fò sókè, kí n tó rántí àmì ohùn. Ẹni tó bá rí èyí tí àmì ohùn gbà, kó jọ̀ọ́ tètè kọ ọ́ síbí, ọ̀la ni àbúrò wa fẹ́ gba iṣẹ́ ẹ̀.