Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká kó kúrò lójú títì yìí nítorí ọmọ ni?

Ìyá Àdùnní
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún kẹta rèé tí a ti Ìbàdàn dé London. Catford ni a ti rí ilé háyà, lójú South Circular gan-an, títì ńlá tó gba ìhà gúúsù London kọjá, lókè ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méje. Nílé, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí a lò níbí ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí fée-fée lóru, dókítà ní ikọ́ fée ni, èyí tí wọ́n ń pè ní asthma. Lọ́dún yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ti sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Tí mo bá nu ojú fèrèsé ní Sátidé, kó tó di àárín ọ̀sẹ̀, eruku dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò orí ààrò ti bò ó. Tọ̀sán-tòru ni bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ni ilé, wọ́n ní afẹ́fẹ́ àdúgbò wa kò kọjá ohun tí òfin gbà. Màmá mi ní Ìbàdàn ní London tí kò sí jẹnẹrétọ̀, èéfín wo ló wà níbẹ̀? Bàbá Àdùnní ní ká ní sùúrù, ilé ti wọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni afẹ́fẹ́ ibí ń ṣe ọmọ mi, àbí èmi ni mò ń da ara mi láàmú? Ká kó lọ ni?

Ìyá Ìbejì, Lewisham
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ kò da ara yín láàmú rárá. Ní Lewisham wa níbí, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Ella Adoo-Kissi-Debrah, ilé wọn kò jìnnà sí South Circular yẹn. Láàrin bí ọdún mẹ́ta, ìgbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Ó kú ní oṣù kejì 2013, ọmọ ọdún 9. Rosamund, ìyá rẹ̀, kò gbà kó parí síbẹ̀. Ó jà títí ilé ẹjọ́ gíga fi fagi lé ìwádìí àkọ́kọ́ nípa ikú ọmọ náà, wọ́n tún un ṣe. Ní oṣù kejìlá 2020, Philip Barlow, olùwádìí ikú, kéde pé afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́ wà lára ohun tó pa ọmọ náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Britain tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún. Títì yẹn náà ni mo ti àwọn ìbejì mi gbà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Ó ṣì ń dùn mí.

Bàbá Káyọ̀dé
Ọ̀rọ̀ ọmọ kò ṣeé fojú di, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbẹ̀rù kó lọ o. Takisí ni mò ń wà. Ìjọba ìlú London ti ń gba £12.50 lójúmọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àárín ìlú ní 2019, wọ́n fà á dé South Circular ní 2021, gbogbo London ló sì kàn ní oṣù kẹjọ 2023. Mo ta ọkọ̀ díísù (diesel) mi, ó dùn mí, torí ìjọba Britain ló fi owó orí ọkọ̀ tó rọjú fà wá sí díísù láti 2001. Ṣùgbọ́n èéfín ti dín kù, imú mi ń sọ fún mi.

Ìyá Ìbejì, Lewisham
Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ṣeun, àmọ́ South Circular fúnra rẹ̀ kò sí nínú ti 2021. Ààlà ni wọ́n fi í ṣe. Ó di 2023 kó tó kàn án. Ojú títì tí Ìyá Àdùnní ń gbé wà lára àwọn tó kẹ́yìn jẹ àǹfààní.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Imú kò lè wọn èyí tí à ń sọ. Náítírójìn dàíọ́sàìdì tó ń jáde lára díísù, àti eruku tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní PM2.5, ojú kì í rí wọn. PM2.5 ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Táyà àti bíréèkì náà ń tú u jáde, nítorí náà ọkọ̀ oníná mànàmáná pàápàá ní tirẹ̀.

Ìyá Àdùnní, ó lè jẹ́ òótọ́ ni ọ́fíìsì yẹn sọ. Òfin ibí gba náítírójìn dàíọ́sàìdì dé 40 máíkírógírámù nínú kúbíìkì mítà (cubic metre) afẹ́fẹ́ kan, tí a bá ṣírò ti ọdún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2021 pé kó má kọjá 10. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ẹ wà lábẹ́ òfin, ẹ bi wọ́n pé mélòó gan-an ni.

Ti ọmọ ló ká mi lára jù. Inhaler (ike oògùn tí ọmọ ń fà sínú) tó ń dènà, èyí tó sábà ń jẹ́ àwọ̀ búráùn, ẹ má jẹ́ kó fò ó lọ́jọ́ kan, kódà tí ara rẹ̀ bá yá. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dá a dúró tí ọmọ kò bá húkọ́ mọ́, ibẹ̀ ni ewu wà. Tó bá ń lo ti búlúù, èyí tó ń mú kí mímí rọrùn kíá, tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Tí búlúù kò bá ṣiṣẹ́ lójijì, ẹ pe 999, ẹ má dúró wá takisí.

Bàbá Àgbà, Camberwell
Ọmọ mi, 1961 ni mo dé ìlú yìí wá kàwé. Ní oṣù kejìlá 1962, kùrukùru kan bolẹ̀, èéfín èédú tí ilé gbogbo ń dá dàpọ̀ mọ́ ọn. Mo na ọwọ́, mi ò rí ìka mi. Kọ́ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì rìn níwájú ọkọ̀. Ìyá onílé mi, òyìnbó arúgbó kan, ní ti 1952 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ márùn-ún péré, àwọn tó kú ní nǹkan bí 4,000, àwọn tó tún un ṣírò lẹ́yìn náà ní ó lè tó 12,000. Èyí tí gbogbo ayé fi ojú rí nìyẹn o, síbẹ̀ ó di 1956 kí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tó jáde. Èyí tí ojú kò rí yìí, má dúró de ẹnikẹ́ni.

Àǹtí Yétúndé
Tí kíkó bá ṣeé ṣe, kò dandan kó jìnnà. Òpópónà kan sẹ́yìn títì ńlá, afẹ́fẹ́ ti yàtọ̀ gan-an. Kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ yín, máa ń so ìgò kékeré kan mọ́ òpó iná láti wọn náítírójìn yẹn, wọ́n sì ń tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ẹ bèèrè ti títì yín. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó dárúkọ asthma àti iye ìgbà tí ọmọ ti dé ilé ìwòsàn, ẹ fi méjèèjì kọ̀wé sí ọ́fíìsì yẹn.

Kí ìyẹn tó bọ́ sí i, ẹ gbé ọmọ kúrò ní yàrá tó kọjú sí títì. Ẹ ti fèrèsé iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀, tẹ̀yìn ni kí ẹ máa ṣí. Ẹ gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ lọ sí ilé ìwé, kódà tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jìn. Tó bá jẹ́ gáàsì lẹ fi ń dáná, ẹ tan fáànù tó ń fa èéfín jáde tí ẹ bá ń dín dòdò, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn kíṣìnì dé. Gáàsì náà ń tú náítírójìn yẹn sínú ilé.

Ìyá Àdùnní
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Bàbá Àdùnní létí, nígbà tí mo dé ibi Ella, ó dìde, kò sọ̀rọ̀. Lálẹ́ yìí a gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí yàrá ẹ̀yìn, àwa la wá síwájú. Nọ́ọ̀sì Bísí, mo ti dá búráùn dúró láti oṣù tó kọjá, mo rò pé ó ti yá. Mo ti fún un padà. Ní Mọ́ńdè, àwa méjèèjì ń lọ gba lẹ́tà.