Ẹ wá sọ ìrírí yín: kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́, àti omi ìdọ̀tí àdúgbò wa

Ìyá Tòmíwá, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lẹ́yìn Lágéré ni mò ń gbé. Ìyá ọkọ mi ni àkóràn inú ìtọ̀ dá gúnlẹ̀. Wọ́n lo oògùn tí dókítà kọ, kò ràn. Nígbà tí wọ́n fi ìtọ̀ wọn ṣe kọ́ṣọ̀ ní láàbù, ìyẹn ni pé wọ́n mú kòkòrò inú rẹ̀ dàgbà nínú àwo, ẹni tó ṣe é fi àwo náà hàn mí. Ó to oríṣiríṣi àǹtìbáyọ́tíìkì sórí rẹ̀. Èyí tó bá lágbára lórí kòkòrò, àyíká rẹ̀ á mọ́ roboto. Ẹyọ kan péré ló mọ́, abẹ́rẹ́ olówó gọbọi sì ni!

Mo ní màmá kì í lo oògùn ìlòkulò, níbo ni wọ́n ti kó o? Ó ní púpọ̀ nínú oògùn tí èèyàn ń gbé mì ló ń bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde, tí agbára rẹ̀ ò tíì tán. Inú omi ìdọ̀tí ló ti ń pa kòkòrò tí kò lágbára, èyí tó bá yè á sì fún àwọn tó yí i ká ní ohun tó fi borí oògùn, bí wọn ò tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà.

Ọkàn mi lọ sí gọ́tà wa. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, àwọn kan á ṣí ṣọ́kàwéè wọn kí àgbàrá gbé e lọ. Odò tó já sí ni wọ́n ń pọn bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lẹ́ẹ̀rùn.

Àbúrò ọkọ mi mú mi lọ wo adágún omi ìdọ̀tí inú ọgbà OAU. Omi á dúró pẹ́ níbẹ̀, ìdọ̀tí á rì, oòrùn á ràn án, kòkòrò púpọ̀ á kú kó tó ṣàn jáde. Kì í pa gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù.

Mo gbé e lọ sípàdé lándílọ́ọ̀dù. Mo ní lọ́dún 2019 nìkan, irú kòkòrò yìí pa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan lágbàáyé. Bàbá kan ní ta ló máa sanwó ọkọ̀ tó ń fa ṣọ́kàwéè? Òótọ́ ni, ó wọ́n. A fẹnu kò pé kí àwọn ilé tó súnmọ́ra jọ máa pè é. Ṣùgbọ́n ibo ni ọkọ̀ náà ń dà á sí?

Bàbá Ẹlẹ́dìẹ, Iléṣà:
Ìyá Tòmíwá, ẹ kú iṣẹ́. A máa ń po oògùn mọ́ omi adìẹ, ìgbẹ́ wọn ló sì ń dé oko ẹ̀fọ́. Dókítà ẹran ní kí n máa kó o jọ, kí n máa yí i, kó gbóná dáadáa kí n tó tà á. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe. Ní ti ọkọ̀ yẹn, ẹ bi awakọ̀ léèrè kí ẹ tó sanwó. Bó bá ní etí odò ni, ẹ pe ẹlòmíì.