Orúkọ tó yẹ owó iṣẹ́ ọnà aṣọ: ṣé ẹ̀bùn ni àbí owó àfúnṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín.

Arábìnrin kan béèrè níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ tí a lè pe owó tí àwọn àjọ Amẹ́ríkà ń fún àwọn tó ń rán kúbùsù onírépé (èyí tí wọ́n ń pè ní "quilt"), ìyẹn owó tí òyìnbó ń pè ní "grant", nítorí pé ó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ìyá wa tó ń gbé ibẹ̀. A dá a lóhùn pé "ẹ̀bùn owó" ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìdáhùn náà dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fún ní ẹ̀bùn kì í jíyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wù ú, ó lè fi ra ẹran ọdún.

Ẹ wo National Endowment for the Arts, àjọ iṣẹ́ ọnà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 1965. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò fún èrè ló sábà máa ń gba owó tí ó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe. Ẹgbẹ́ náà yóò ṣàlàyé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe àti bí yóò ṣe náwó, yóò wá irú iye kan náà láti ibòmíràn kún un, yóò sì jábọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àjọ yìí kan náà ló fún Mary Lee Bendolph, Lucy Mingo àti Loretta Pettway, àwọn obìnrin Gee's Bend ní Alabama tí òkìkí kúbùsù wọn kàn, ní National Heritage Fellowship, àmì ẹ̀yẹ àwọn oníṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, lọ́dún 2015. Ẹ̀bùn ni ìyẹn ní tòótọ́, nítorí pé ẹlòmíràn ló ń fa ẹni tó yẹ kalẹ̀, ohun tí onítọ̀hún sì ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ni wọ́n fi ń yẹ́ ẹ sí. Bí a bá pe méjèèjì ní ẹ̀bùn, ìyá tó ka ìwé náà yóò jókòó de ẹni tí yóò dárúkọ òun, nígbà tó yẹ kí ó ti máa wá ẹgbẹ́ tí wọn yóò jọ kọ̀wé.

"Owó ìrànwọ́" sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ orí epo ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí mo dábàá ni "owó àfúnṣiṣẹ́": bí àmúṣọrọ̀ ṣe jẹ́ ohun tí a mú ṣe ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí jẹ́ owó tí a fún ni láti fi ṣiṣẹ́. Ìjíyìn ti wà nínú orúkọ náà, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í mú fún ẹ̀yáwó.

Ní ti aṣọ náà, "onírépé" kò tó. Ojú òkè nìkan ni ìrépé wà, bí àwọn obìnrin Gee's Bend ṣe ń gé ògbólógbòó aṣọ iṣẹ́ oko tò pọ̀. Òwú ń bẹ láàárín, aṣọ mìíràn wà nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ sì la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já. Mo fara mọ́ "kúbùsù onípele".

Ẹ bá mi yẹ gbólóhùn yìí wò: "Ẹgbẹ́ wa ń béèrè fún owó àfúnṣiṣẹ́ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní rírán kúbùsù onípele." Mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún "tọrọ" níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń tọrọ kì í mú ìṣirò ìnáwó lọ́wọ́.