NCE ní Oro ni àbí yunifásítì tààrà, fún ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ Social Studies?

Abẹ̀kẹ́ Ọ̀fà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Àbúrò mi obìnrin ti parí sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Government, Economics àti IRS (ẹ̀kọ́ ìsìn Ìsìláàmù), ṣùgbọ́n D7 ni máàsì rẹ̀. Olùkọ́ Social Studies ló fẹ́ dà. Àwọn kan ní kó kọ́kọ́ gba NCE (ìwé-ẹ̀rí olùkọ́) ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tó wà ní Oro, àwọn mìíràn ní kó gba Unilorin lọ tààrà. Èwo ló dáa jù? Kí ló sì yẹ kó ti mọ̀ sílẹ̀?

Tíṣà Tánkẹ̀
Ẹ kú àbójútó àbúrò. Ọ̀nà méjèèjì já síbi kan náà, àkókò ni ò dọ́gba. Ẹni tó bá gba JAMB wọlé máa lo ọdún 4. Ẹni tó bá gba NCE máa lo ọdún 3 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, á wá fi Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì, á tún lo ọdún 3 níbẹ̀. Ọdún 6 nìyẹn. Àmọ́ NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà gbà fún olùkọ́, nítorí náà ẹni tó bá ti gbà á lè máa ṣiṣẹ́ kó tó tẹ̀síwájú. Bí owó ilé ò bá lè gbé ọdún 4 tán, Oro ni kó lọ. Bí owó bá wà, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó fi ọdún 2 kún un.

Fún JAMB, Use of English pọn dandan, á wá mú mẹ́ta kún un. Government, Economics àti IRS jọ èyí tó bá kọ́ọ̀sì náà mu, ṣùgbọ́n kó yẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB wò lábẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù nìyí: máàkì wọn á ga, sọ́bújẹ́ẹ̀tì wọn ò ní bá kọ́ọ̀sì mu, wọn ò sì ní rí ààyè wọlé. Kó wo ti D7 yẹn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní kírẹ́díìtì lòun fẹ́ ò ní gba D7, nítorí náà kó tètè forúkọ sílẹ̀ fún NECO tàbí GCE.

Ìyá Òmù-Àrán
Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Èyí tó ká mi lára jù ni pé Social Studies kì í ṣe sọ́bújẹ́ẹ̀tì SSS lọ́dọ̀ wa. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ló wà fún. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń wá olùkọ́ fún SSS, ẹni tí ò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́, Civic Education ni wọ́n sábà máa ń gbé fún un. Ẹ jẹ́ kó mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kejì láti ọdún kìíní, kó sì mú un gidi. Economics dára fún un. Ní NCE, méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀, ìyẹn náà jẹ́ àǹfààní Oro.

Ní ti ohun tí wọ́n ń kọ́: ìtàn, jọ́gíráfì, ọrọ̀ ajé, ìjọba, àṣà àti ìdílé, gbogbo rẹ̀ ló wọnú ara wọn. Wọ́n á bi í léèrè nípa Ayétòrò ní 1963, ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀kọ́ náà nílé wa, àti ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀kọ́ yìí ní Mombasa, ní Kenya, ní 1968. Kò gbọdọ̀ sá fún ìṣirò o. Ìdíwọ̀n àti ìwádìí wà níbẹ̀, iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn sì máa béèrè rẹ̀.

Alábòójútó TP
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti lẹ́sìn nóòtì (ètò ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kọ sílẹ̀), torí ibẹ̀ ni máàkì TP (ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́) ti ń bọ́. Èròńgbà ẹ̀kọ́ gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a lè fojú rí. "Kí ọmọ mọ iṣẹ́ ọwọ́" kò ṣeé wọ̀n. "Ọmọ yóò dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ 2 ní Ìlọrin" ṣeé wọ̀n, torí ó lè fi aṣọ òkè àti ìkòkò Òkèlele dáhùn. Bí àkókò bá jẹ́ ìṣẹ́jú 40, kó fi 5 ṣe ìfáàrà, 25 fún ẹ̀kọ́ gan-an, 10 tó kù fún ìbéèrè àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn tó bá fi ìṣẹ́jú 15 ṣe ìfáàrà kì í débi ìbéèrè, alábòójútó ò sì ní rí ohun tó máa fún wọn ní máàkì lé lórí. Àwòrán tí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ò lè rí kì í ṣe ohun èlò ìkọ́ni.

Bó bá lè kó àwọn ọmọ lọ sí Èsìẹ́, kó kó wọn lọ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn, 1945 ni wọ́n ṣí i, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló sì wà níbẹ̀. Kó gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti òbí, kó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè 5 kí wọ́n tó gbéra. Láìsí ìbéèrè, wọ́n kàn máa rìn káàkiri ni.

Abẹ̀kẹ́ Ọ̀fà
Ẹ ṣé gan-an. TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wá ńkọ́? Ṣé ẹni tó ní NCE náà máa forúkọ sílẹ̀?

Tíṣà Tánkẹ̀
Bẹ́ẹ̀ ni. Á ṣe ìdánwò wọn, ìsọ̀rí D ni wọ́n máa fi í sí. Bó bá gba dìgírí nínú ẹ̀kọ́ tán, á gòkè sí C.