Ta ló yẹ kó di owó àti kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ mú níbi tí a ti ń kọ́ ilé ẹbí wa?

Àbíkẹ́yìn-Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa ọmọ ìyá márùn-ún la dáwó jọ láti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan sórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ìyá wa lè máa gbé ìsàlẹ̀, kí àwa náà sì ríbi wọ̀ sí nígbà Ojúde Ọba. Ìpìlẹ̀ ti parí, ògiri ìsàlẹ̀ sì ti dé ibi líńtẹ̀lì, ìyẹn òkè ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ nílùú yẹn ló ń bójú tó iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé: òun ló ń gba owó, òun ló ń ra ọjà, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà, òun náà ló sì ń sanwó fún àwọn bíríkìlà. Ẹni wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣàròyé pé sìmẹ́ǹtì ń tán ju bó ti yẹ lọ, ó sì fẹ́ kí a gbé gbogbo ohun tó kù fún agbaṣẹ́ṣe. N kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn. A fẹ́ da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tí yóò wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣètò irú iṣẹ́ báyìí kí owó má bàa dá ìjà sílẹ̀?

Ẹnjiníà-Orí-Sáìtì:
Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ parí rẹ̀ láyọ̀. Kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni níbi tí sìmẹ́ǹtì wọlé sí, ẹ kọ́kọ́ wo ògiri náà fúnra rẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù bá wọ́, tàbí tí eteetí rẹ̀ ti jẹ, mọ́là, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi yanrìn àti omi pò, ni bíríkìlà yóò fi dí àlàfo, àpò sìmẹ́ǹtì yóò sì máa lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan jí i. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tò sórí ilẹ̀ lásán, tó fa omi títí ó fi di òkúta nínú sítọ́ọ̀, náà ti bá owó lọ nìyẹn.

Ohun tí mo rò pé ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń rà, tó ń kà, tó sì ń sanwó. Bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó, kò ní ẹlẹ́rìí, bí ọ̀rọ̀ bá sì dé, ẹnu rẹ̀ nìkan ni yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń rajà yàtọ̀ sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sì ní ìwé tí yóò máa kọ iye àpò tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù, àti iṣẹ́ tí wọ́n fi èyí tó jáde ṣe lọ́jọ́ náà. Kí ó ya fọ́tò ojú ìwé yẹn ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín lórí WhatsApp.

Ẹni yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá lè jókòó síbẹ̀ ṣe ìṣirò. Kó mú pílánì, kó wọn gígùn ògiri àti gíga rẹ̀, kó yọ ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kúrò. Búlọ́ọ̀kù bíi 10 ló ń bo mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró. Bákan náà ni ti irin dẹ́kìn. Tọ́ọ̀nù kan irin mìlímítà 12, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 12, kì í ju bíi 93 tàbí 94 lọ. Ti mìlímítà 16 sì jẹ́ bíi 52 tàbí 53. Bí wọ́n bá kó irin 12 dé tí ẹ sì ka 105 nínú tọ́ọ̀nù kan, ẹ má rò pé oníṣòwò ṣe ènì fún yín, irin náà ló tínrín ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé kíkà ni wọ́n fi ń tà á, ẹ gbé ẹyọ kan sórí ìwọ̀n: ó yẹ kó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́wàá àbọ̀.

Màmá-Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, ohun tí ẹnjiníà sọ dára, àmọ́ ọkùnrin ni, kò mẹ́nu ba owó mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n yín ń kúrò níbi iṣẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, ó ń ra káàdì fóònù, ó sì ń fún àwọn lébírà lówó oúnjẹ kí wọ́n má bàa sá lọ. Bí ẹ kò bá yan iye kan fún un ní gbangba, tí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ ti ń kọ owó yanrìn, inú owó sìmẹ́ǹtì ni yóò ti máa yọ ọ́, kò sì ní kà á sí olè.

Ní ti agbaṣẹ́ṣe, èmi ò fara mọ́ ọn. Yóò fi èrè tirẹ̀ lé e, bí ọjà bá sì gbówó lórí láàárín iṣẹ́, yóò ní àdéhùn ti yí padà. Síbẹ̀, ẹnì kan nínú yín ni yóò ṣì máa lọ wo ohun tó ń ṣe. Kí ẹ̀yin máa ra ọjà, kí ẹ sì fi iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lé ọ̀gá bíríkìlà lọ́wọ́ ní ìpele-ìpele. Bó bá dé ìpele kan tí ẹ ti jọ sọ, kó gba owó rẹ̀, kí díẹ̀ sì máa kù lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹ má sanwó búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gun orí ògiri.

Kí ìwé tuntun náà bẹ̀rẹ̀ láti orí dẹ́kìn. Sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé iṣẹ́ ti ń tóbi sí i, ẹ sì fẹ́ kí ẹnì kan ràn án lọ́wọ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn.

Àbíkẹ́yìn-Ìjẹ̀bú:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Ọmọ àbúrò ìyá wa kan tó ń gbé nítòsí ni a ó fún ní kọ́kọ́rọ́. Ó ku ọjọ́ dẹ́kìn gan-an: kí ni kí ẹni tó bá dúró níbẹ̀ máa ṣọ́?

Ẹnjiníà-Orí-Sáìtì:
Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Kí ẹnjiníà tó ya àwòrán irin wá fojú ara rẹ̀ rí i kí wọ́n tó da nǹkan kan lé e lórí, kí ẹ sì ya fọ́tò ibi gbogbo pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, títí kan páìpù iná àti ti omi, nítorí ẹ kò ní rí wọn mọ́. Ẹ rí i pé bísíkíìtì, ìyẹn ègé kọnkéré kéékèèké tó ń gbé irin sókè, wà lábẹ́ irin kó má bàa fara kan pákó. Sìmẹ́ǹtì 42.5 ni kí ẹ rà fún dẹ́kìn; nọ́ńbà tó wà lára àpò yẹn ló ń sọ bó ti lágbára tó. Ní ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ní kí 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan. Ẹ kó gbogbo sìmẹ́ǹtì, epo ẹ̀rọ ìpo kọnkéré àti omi jọ ṣáájú, kí wọ́n má bàa dá iṣẹ́ dúró láàárín dẹ́kìn.

Ẹni tó bá dúró níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni kó dúró sí, kì í ṣe abẹ́ òjìji igi. Ìpò 1:2:4, ìyẹn sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin, túmọ̀ sí pé àpò sìmẹ́ǹtì kan, tó jẹ́ bíi páànù méjì, yóò gba páànù yanrìn mẹ́rin àti páànù òkúta mẹ́jọ. Àwọn lébírà á máa bu omi kún un kó lè rọrùn láti dà; níbẹ̀ ni kó ti ké mọ́ wọn, torí omi àpọ̀jù máa ń sọ kọnkéré di aláìlágbára.

Láti ọjọ́ kejì, kí ọlọ́dẹ máa fọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Káfíńtà yóò fẹ́ tètè yọ igi abẹ́ rẹ̀, torí ó ní ibòmíràn tó fẹ́ fi pákó náà ṣiṣẹ́. Kó dúró di ọjọ́ 21, àyàfi tí ẹnjiníà yín bá ní kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èédú kọ ọjọ́ tí ẹ da dẹ́kìn sára ògiri, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá ọlọ́dẹ jiyàn lé e.