Ìlà ẹ̀gbẹ́ ni, kì í ṣe ààlà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Orúkọ Yorùbá tí a ń wá ni ti ìlà tó máa ń dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń fi LaTeX, ètò kọ̀ǹpútà fún títo ìwé, ṣiṣẹ́ máa ń fà láti fi hàn pé ibí yìí ni àtúnṣe wà. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: ààlà, ìlà òsì, àti ilà bíi ti ojú. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹni tó gbin pèrègún sí ààlà oko ń wí pé tèmi parí síbí, tìrẹ bẹ̀rẹ̀. Ìlà tiwa yìí kò pín nǹkan kan. Òfìfo ló wà lódì kejì rẹ̀. Ta ló ni òfìfo? Bí ẹ bá fẹ́ fi ààlà pe nǹkan, ẹ fi pe ìlà pupa inú ìwé ọmọ iléèwé, èyí tí tíṣà máa ń ní ká fi rúlà fà, tí a ń pè ní májìnì. Ìyẹn gùn látòkè délẹ̀, ohun yòówù tí a bá kọ kò kàn án. Tiwa kì í kọjá ìpínrọ̀ tó ni ín. Ẹ fi ìpínrọ̀ sáàárín àṣẹ begin àti end ti leftbar, èyí tó ń fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wà nínú framed, àfikún kan fún LaTeX, kí ẹ wò ó: bí ìpínrọ̀ bá ya wọ ojú ìwé kejì, ìlà náà á bá a wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà.

Ti òsì kò le rárá. Kí LaTeX tó dé ni troff, ètò ìtòwé àtijọ́ kan, ti ní àṣẹ .mc tó ń fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń fi àmì tirẹ̀ sí.

Ilà ló fẹ́ẹ̀ mú mi. Àmì ìdánimọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ìlà yìí kì í sì í fara kan ọ̀rọ̀. Ilà tí a ti kọ kì í parẹ́. Ìlà àtúnṣe, bí ẹ̀dà tuntun bá jáde, a ó yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá ti lo changebar, àfikún LaTeX tó ń fa ìlà àtúnṣe, sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó, a ó tún mú fáìlì náà gba inú LaTeX kọjá kí ìlà tó bọ́ sáyè rẹ̀. Olóólà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìlà ẹ̀gbẹ́ ni àbá tèmi. Ó rọrùn lẹ́nu: "Jọ̀ọ́, fàlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kẹta." Mo mọ̀ pé ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lè kà á sí ilá ẹgbẹ́, ọbẹ̀ tí wọ́n sè níbi ìpàdé. Kó lọ fi àmì sí i.

Ibi tó ṣì ṣú mi lójú ni ìgbà tí a bá fi ìlà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyọlò, tí àyọlò mìíràn tún wà nínú rẹ̀, tí ìlà méjì dúró ti ara wọn. Ṣé ìbejì la ó pè wọ́n ni?